Ìjọ́hẹn Abo Ọ̀pọ̀lọ́: Ìtàn Ìmọ̀ nípa Bí Abo Ṣe Ń Yan Akọ, pẹ̀lú Àfiyèsí sí Agbègbè Dopemu

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpinpin ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe wá mọ̀ pé abo ọ̀pọ̀lọ́ ni ó ń yan akọ, àti pé etí ni ó fi ń yàn án. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn tí Charles Darwin gbé èrò náà kalẹ̀ ní 1871 kí ẹ̀rí tó dájú tó jáde, nítorí pé kò sí irinṣẹ́ tí a lè fi ya ohùn akọ kúrò lára rẹ̀. Ó wo ipa tí ilẹ̀ Áfíríkà kó nínú ìmọ̀ náà, ó sì fi ọ̀rọ̀ gúnlẹ̀ sí agbègbè Dopemu ní Èkó, níbi tí ariwo ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ti ń wọ àárín ẹni tó ń ké àti ẹni tó ń gbọ́. Èrò tí àpilẹ̀kọ náà dì mú ni pé yíyàn kò lè dúró níbi tí gbígbọ́ kò bá sí.

Ìfáàrà

Nínú àṣà ìgbéyàwó Yorùbá, ìfojúsóde ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹbí ọkọ ni ó ń fojú sóde. Alárinà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ìwádìí ni ó sì ń tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, gbogbo ètò wọ̀nyí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ọmọbìnrin yóò fi jẹ́ hẹn. Bí a bá yí ojú sí àwọn ẹ̀dá inú àbàtà, a ó rí i pé ohun kan tí ó jọ ìjọ́hẹn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹbí, kò sí alárinà. Akọ ni ó ń kéde ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Abo ni ó ń gbọ́, tí ó ń fi ohùn kan wé òmíràn, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá èyí tí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àfiwé lásán ni èyí o, nítorí pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í ronú bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n àfiwé náà yóò ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti la ọ̀rọ̀ náà yé akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn Yorùbá kò ṣàì fi etí sí àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èdè wa kò pe gbogbo wọn ní orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀lọ́ yàtọ̀ sí kọ̀ǹkọ̀, kọ̀ǹkọ̀ sì yàtọ̀ sí àkèré. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ igbe kọ̀ǹkọ̀ ní etí odò lálẹ́ yóò gbà pé orúkọ náà jọ igbe rẹ̀. Ohun tí etí àwọn baba wa kò wá kiri ni ohun tí igbe náà ń ṣe nínú etí abo. Ìtàn ìwádìí lórí ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ìdí tí Abo Fi Ní Láti Yàn

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í lóyún bí ewúrẹ́. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà wọn, akọ a gun ẹ̀yìn abo, a sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra pinpin. Bí abo bá ti ń yé ẹyin sínú omi ni akọ ń da àtọ̀ lé wọn lórí. Ẹyin wọ̀nyí ni yóò di légbélègbé, kí ẹsẹ̀ tó yọ, kí ìrù tó wọlé, kí wọ́n tó bọ́ sórí ilẹ̀. Oúnjẹ àti agbára tí abo ń ná sórí ẹyin pọ̀ púpọ̀ ju èyí tí akọ ń ná sórí àtọ̀ lọ. Bí abo bá fi ẹyin rẹ̀ lé akọ tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo ẹyin náà lè ṣòfò. Akọ ní tirẹ̀ lè tún wá abo mìíràn lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé abo ni ó ní ohun púpọ̀ láti pàdánù, òun ni ó sì ní láti ṣọ́ra.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo abo ni ó ní àyè kan náà láti yàn. Kentwood Wells (1977) pín ọ̀nà ìbísí àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí sí méjì. Nínú ọ̀nà àkọ́kọ́, òjò ńlá a rọ̀, gbogbo wọn a dà wọ inú omi lẹ́ẹ̀kan náà, akọ a máa du abo mọ́ ara wọn lọ́wọ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan ohun gbogbo a sì parí. Àyè àtiyàn kéré níbẹ̀. Nínú ọ̀nà kejì, ìgbà ìbísí a máa gùn tó ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù. Akọ a dúró sójú kan, a máa ké lálaalẹ́, abo a sì wá ní alẹ́ tí ẹyin rẹ̀ bá gbó. Láàárín irú ẹ̀yà kejì yìí ni yíyàn ti hàn gbangba jù.

Àríyànjiyàn Darwin àti Wallace

Ní 1871, Charles Darwin tẹ ìwé The Descent of Man jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ni akọ ń gbà rí abo. Èkíní ni kí akọ bá akọ jà. Èkejì ni kí abo fúnra rẹ̀ yan èyí tí ó wù ú. Ó mẹ́nu ba ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé ohùn akọ ju ti abo lọ fíìfíì. Lójú Darwin, irú ìyàtọ̀ báyìí kò lè jẹ́ lásán.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjà akọ gbọ́ láìjanpata. Yíyàn abo ni wọn kò fẹ́ gbà. Alfred Russel Wallace, tí òun àti Darwin jọ gbé èrò nípa bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà jáde ní 1858, tako ọ̀rọ̀ yìí gidigidi. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1889, ó jiyàn pé okun àti ìlera akọ tó láti ṣàlàyé ẹwà àti ohùn rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rí pé abo ń fi ọ̀kan wé èkejì. Ó yẹ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo fún Wallace: lóòótọ́ ni ẹ̀rí kò sí nígbà náà. Òru ni ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọn a sì dákẹ́ wẹ́lo bí wọ́n bá gbúròó ẹsẹ̀ ènìyàn. Lékè gbogbo rẹ̀, bí abo bá tilẹ̀ lọ bá akọ kan, ta ni yóò sọ bóyá ohùn rẹ̀ ni ó fà á, tàbí títóbi rẹ̀, tàbí òórùn rẹ̀, tàbí ibi tí ó jókòó sí?

R. A. Fisher gbìyànjú láti yanjú apá kan nínú ìṣòro náà ní 1915 àti ní 1930. Ó fi hàn pé bí abo bá fẹ́ràn àmì kan lára akọ, ọmọ wọn lè jogún àmì náà àti ìfẹ́ sí àmì náà pọ̀, tí méjèèjì yóò fi jọ máa pọ̀ sí i láti ìran dé ìran. Èrò tó jinlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orí ìwé ni ó wà. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi abo ọ̀pọ̀lọ́ léèrè.

Ẹ̀rọ Agbóhùnsílẹ̀ Wọ Àbàtà

Ohun tí ó ṣí ọ̀nà ni ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀rọ náà fúyẹ́ débi pé ènìyàn lè gbé e lọ sí etí omi. Ní ẹ̀wádún 1950, W. Frank Blair àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ní Amẹ́ríkà ń gba igbe oríṣiríṣi ọ̀pọ̀lọ́ sílẹ̀, wọ́n sì rí i pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní igbe tirẹ̀, àní bí àwọ̀ wọn tilẹ̀ jọra.

Ní 1959, Murray Littlejohn àti T. C. Michaud ṣe àyẹ̀wò kan tí ó rọrùn lójú ṣùgbọ́n tí ó yí ìtàn padà. Wọ́n gbé sípíkà méjì kalẹ̀. Láti inú ọ̀kan ni igbe akọ ẹ̀yà abo náà ti ń jáde, láti inú èkejì ni igbe ẹ̀yà mìíràn. Wọ́n fi abo sí àárín. Abo sì gba ọ̀dọ̀ ohùn ẹ̀yà tirẹ̀ lọ. Kò sí akọ níbẹ̀, kò sí òórùn, kò sí ara. Ohùn nìkan ni ó wà. Ìbéèrè tí Wallace fi sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdáhùn.

Láti ìgbà náà ni sípíkà méjì ti di òṣùwọ̀n iṣẹ́ yìí káàkiri ayé. Ìwádìí lórí etí náà tẹ̀ lé e. Ní 1965, Robert Capranica tẹ iṣẹ́ ńlá jáde lórí bí kọ̀ǹkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń dáhùn sí igbe. Nípasẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ pé ẹ̀yà ara méjì ni ó ń gbọ́ igbe nínú etí ọ̀pọ̀lọ́: ọ̀kan fún ohùn ìsàlẹ̀, èkejì fún ohùn òkè. Etí kì í gba gbogbo ìró wọlé bákan náà. A ti ṣe é láti tètè gbọ́ ohun tí ó kàn án.

Igbe Tí Ó Dùn Tí Ó sì Léwu

Mímọ ẹ̀yà ẹni jẹ́ ọ̀kan. Yíyan akọ kan láàárín ogún akọ ẹ̀yà kan náà jẹ́ òmíràn. Àwọn àgbà wí pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ó jọ pé abo ọ̀pọ̀lọ́ ní ọ̀nà tí ó fi ń gbìyànjú láti mọ̀.

Iṣẹ́ tí ó lókìkí jù lórí èyí wáyé ní Panama, lórí erékùṣù Barro Colorado, níbi tí àjọ Smithsonian ní ibùdó ìwádìí. Stanley Rand ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lórí ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní túngara. Ní 1978, Michael Ryan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn lóru. Ó sàmì sí wọn lára kí ó lè dá wọn mọ̀. Ó rí i pé abo a máa kọjá lọ́dọ̀ akọ mélòó kan kí ó tó dúró lọ́dọ̀ ọ̀kan, àti pé akọ tí ó tóbi ni ó ń rí abo jù.

Igbe túngara ní apá méjì. Èkíní dà bí ohùn tí ó ti òkè fà wá sí ìsàlẹ̀. Gbogbo akọ ni ó ń ké e. Èkejì jẹ́ ìró kúkúrú tí akọ lè fi kún un lẹ́ẹ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ryan (1980) fi sípíkà hàn pé abo fẹ́ràn igbe tí ó ní àfikún ju èyí tí kò ní lọ. Àfikún akọ tí ó tóbi a sì máa wúwo sí ìsàlẹ̀, nípa bẹ́ẹ̀ abo lè fi etí wọn ìwọ̀n akọ tí ojú rẹ̀ kò rí dáadáa.

Kí ló dé tí akọ kì í fi àfikún sí igbe rẹ̀ ní gbogbo ìgbà? Àdán kan wà níbẹ̀ tí ó ń fi igbe ọ̀pọ̀lọ́ wá a rí, tí ó sì ń gbé e jẹ. Iṣẹ́ Merlin Tuttle, Ryan àti Rand ní 1981 àti 1982 fi hàn pé igbe tí ó ń fa abo jù náà ni ó ń fa àdán jù. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké ni ọ̀rọ̀ náà já sí. Akọ a máa ké igbe lásán bí ó bá dá wà, a sì máa fi àfikún kún un bí àwọn orogún bá ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ǹjẹ́ yíyàn yìí ń ṣe abo láǹfààní? Ní 1998, Allison Welch, Raymond Semlitsch àti Carl Gerhardt dáhùn ìbéèrè yìí lórí ẹ̀yà ọ̀pọ̀lọ́ orí igi kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pín ẹyin abo kan náà sí méjì, wọ́n fi àtọ̀ akọ tí igbe rẹ̀ gùn sí apá kan, ti akọ tí igbe rẹ̀ kúrú sí èkejì. Abo ẹ̀yà yìí fẹ́ràn igbe gígùn. Nígbà tí wọ́n wo bí àwọn ọmọ ṣe ń dàgbà, àwọn ọmọ akọ oníigbe gígùn ni ó ṣe dáadáa jù lápapọ̀. Ohùn baba ti sọ nǹkan kan nípa ọmọ kí ẹyin tó wọ omi.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra, kí a má sọ abo di adájọ́ tí kì í ṣì í. Ryan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1990 pé abo ẹ̀yà kan tí ó bá túngara tan fẹ́ràn àfikún náà, bẹ́ẹ̀ akọ ẹ̀yà tirẹ̀ kì í ké e rárá. Èyí túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí ìfẹ́ inú etí ti wà kí ohùn tó dé. Ní 2015, Amanda Lea àti Ryan tún fi hàn pé bí a bá fi ohùn kẹta tí kò fani mọ́ra kún ohùn méjì, abo lè yí ìpinnu rẹ̀ padà láàárín méjì àkọ́kọ́. Yíyàn abo jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó yí i ká ń nípa lórí rẹ̀.

Áfíríkà nínú Ìtàn Yìí

Ilẹ̀ wa kò ṣàì sí nínú ìtàn yìí. Arne Schiøtz, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark, tẹ ìwé jáde lórí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ Nàìjíríà ní 1963, ó tẹ òmíràn jáde ní 1964 lórí ohùn àwọn ọ̀pọ̀lọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti èyí tí ó tóbi jù ní 1967 lórí àwọn tí ń gun igi àti koríko. Àwọ̀ àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí à ń pè ní Hyperolius a máa yí padà débi pé ojú lè tan onímọ̀ jẹ. Schiøtz fi igbe wọn ṣe ẹ̀rí láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí abo ń ṣe lóru ni onímọ̀ náà wá ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ.

Lára àwọn tí Schiøtz fún ní orúkọ ní 1967 ni Kassina fusca, ọ̀pọ̀lọ́ ilẹ̀ ọ̀dàn. Ní 1999, Ulmar Grafe tẹ àyẹ̀wò tí ó ṣe lórí rẹ̀ ní igbó ọba Comoé, ní Ivory Coast, jáde. Akọ wọn a máa ké tẹ̀ lé ara wọn débi pé igbe kan ń gun òmíràn lórí. Grafe rí i pé bí igbe méjì bá bo ara wọn púpọ̀, èyí tí ó ṣáájú ni abo ń yàn. Bí wọ́n bá kan ara wọn díẹ̀, èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ń lọ bá. Kì í ṣe bí ohùn ṣe rí nìkan ni abo ń gbọ́; ó ń gbọ́ àkókò rẹ̀ pẹ̀lú.

Láti ara ọ̀pọ̀lọ́ gúúsù Áfíríkà tí à ń pè ní Xenopus laevis ni ìyàlẹ́nu mìíràn ti wá. Ní 1998, Martha Tobias, Sandya Viswanathan àti Darcy Kelley fi hàn pé abo rẹ̀ ní igbe tirẹ̀, ìró tí ó ń yára kàn léraléra, tí ó ń ké nígbà tí ó bá ti ṣetán láti yé ẹyin. Akọ a gbọ́, a sì dáhùn. Bí a bá ń wá ẹ̀dá inú omi tí ó ń jẹ́ hẹn ní gbangba, èyí ni ó sún mọ́ ọn jù.

Ariwo Ìlú àti Ọ̀ràn Dopemu

Dopemu wà ní ẹkùn Agége, lẹ́bàá òpópónà tó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ oko ni àyíká yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí ó gba Agége kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, obì àti kòkó ni ó sọ Agége di ìlú mọ́-ọn-ká. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, tí J. K. Coker jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, dìde ní 1907. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ilé ọtí Guinness bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1962. Èkó di ìpínlẹ̀ ní 1967. Ilé kún, ọ̀nà fẹ̀, a rọ́ iyẹ̀pẹ̀ dí ọ̀pọ̀ àbàtà. Ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ṣẹ́ kù wá ń gbé inú gọ́tà, inú ihò tí omi dárogún sí, àti ẹ̀yìn ilé iṣẹ́.

Títí di òní, bí òjò bá rọ̀ ní alẹ́, igbe wọn a máa jáde. Àmọ́ tírélà, dánfó, jẹnẹrétọ̀ àti sípíkà ilé ìsìn kò dákẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí jù. Apá ìsàlẹ̀ yẹn náà ni igbe àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ńlá wà.

Ohun tí ìwádìí ibòmíràn sọ lè là wá lọ́yẹ̀. Ní 2007, Mark Bee àti Eli Swanson fi abo ọ̀pọ̀lọ́ orí igi kan ní Amẹ́ríkà sínú ariwo ọkọ̀. Igbe akọ ní láti lọ sókè púpọ̀ kí abo tó dáhùn, abo náà sì pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Ní 2009, Kirsten Parris àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne, Ọsirélíà, rí i pé akọ ẹ̀yà kan ń gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀ níbi tí ariwo ọkọ̀ bá pọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nínú ẹ̀yà púpọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni abo fẹ́. Bí akọ bá dúró lórí ohùn ìsàlẹ̀, a kò gbọ́ ọ. Bí ó bá sì gbé e sókè, ó lè má wu ẹni tó gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ìlú kì í ṣe ikú fún gbogbo ẹ̀yà. Wouter Halfwerk àti ẹgbẹ́ rẹ̀ (2019) fi túngara ìlú wé ti igbó ní Panama. Àwọn akọ ìlú ń ké ju ti igbó lọ, wọ́n sì ń fi àfikún púpọ̀ sí i. Abo gan-an fẹ́ràn igbe àwọn ará ìlú. Nígbà tí a gbé akọ ìlú lọ sí igbó, ó dín àfikún rẹ̀ kù. Nígbà tí a gbé akọ igbó wá sí ìlú, kò lè fi kún tirẹ̀. Àdán tí ń jẹ wọ́n kò pọ̀ ní ìlú, abo pẹ̀lú kò sì pọ̀, nítorí náà ìdíje le. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ìlú ń yí ohùn padà, ó sì ń yí ìtumọ̀ yíyàn padà. A kò gbọdọ̀ rò pé ohun tí túngara lè ṣe ni kọ̀ǹkọ̀ Dopemu náà lè ṣe.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Darwin béèrè, Wallace kọ̀, Littlejohn àti Michaud gbé sípíkà kalẹ̀, Ryan ṣọ́ òru, Schiøtz gba ohùn ilẹ̀ wa sílẹ̀, Grafe sì dán abo ilẹ̀ ọ̀dàn wò. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó mú ìmọ̀ tẹ̀ síwájú: pé ẹnì kan dákẹ́, ó sì fi etí sílẹ̀.

Ìtàn yìí kan àwọn olùkọ́ ní tààrà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, orí tábìlì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdé ọ̀pọ̀lọ́, pẹ̀lú abẹ àti abẹ́rẹ́. Ó mọ ọkàn rẹ̀, ó mọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kò mọ igbe rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀lọ́ tí a ti pa kì í ké. Olùkọ́ tí ó wà ní Dopemu, Agége tàbí Ìfàkò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ láìná owó. Ní oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi fóònù gba igbe sílẹ̀ láti ojú fèrèsé ilé rẹ̀. Kí ó kọ wákàtí sílẹ̀. Kí ó kọ ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí ó kú. Kí ó wò ó bóyá akọ ń ké sí i bí ariwo bá dákẹ́. Bí ogún akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe é fún ọdún mẹ́ta, ilé ẹ̀kọ́ náà yóò ní àkọsílẹ̀ tí yóò wúlò fún olùwádìí ọjọ́ iwájú.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò tún fi ojú mìíràn hàn wá nípa ariwo. A máa ń ka ariwo sí ohun tí ń da oorun ènìyàn láàmú nìkan. Fún abo ọ̀pọ̀lọ́, alẹ́ tí kò bá gbọ́ akọ jẹ́ alẹ́ tí kò lè yàn. Ẹyin tí ó ti gbó nínú rẹ̀ kò sì ní dúró de ìgbà tí ọkọ̀ yóò dáwọ́ dúró.